Ọjọ́ Tí Fóònù Bàbá Kọ̀ Láti Gba Iná Lára Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè ìdánwò ló mú mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ sí Ìjoun ní Sátidé yẹn. Tíṣà ni mí ní Ayétòrò, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọjọ́ Ajé sì ni ọ̀gá wa ní ká kó ìbéèrè wá. Mo rò ó pé bí mo bá dé ilé àwọn òbí mi, màá gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, màá rọra máa tẹ ìbéèrè mi, Màmá yóò sì máa gbé oúnjẹ wá bá mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Lóòótọ́ ni mo jókòó sábẹ́ máńgòrò náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo rí tẹ̀.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọpọ́n ayò wà níwájú wọn lórí àpótí, fóònù wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà lórí aṣọ ìnujú tí wọ́n ká ní mẹ́rin, bí ẹni pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn, àmọ́ ojú wọn ti lọ sára àpò tó wà léjìká mi.

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló wà nínú ìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ṣé iná wà nínú rẹ̀?"

Mo ní iná kún inú rẹ̀ dáadáa, pé iléèwé ni mo ti ṣáàjì rẹ̀ lánàá. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n sì na fóònù náà sí mi. "Ọlọ́run ló rán ẹ wá. Wá fún un ní díẹ̀ níbẹ̀."

Tiransifọ́mà àdúgbò wọn ló ti bú gbàmù ní Ọjọ́rú, kò sì tíì sí iná láti ìgbà náà. Ọkùnrin tó máa ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù fún gbogbo àdúgbò ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ti lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Joga-Orílé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni fóònù Bàbá kú. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Bàbá kò ní bìkítà, nítorí pé ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi fóònù náà bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ aago mẹ́rin Sátidé yẹn gan-an ni ẹni náà fẹ́ pè.

Ọ̀rẹ́ Bàbá ni, oníṣòwò aṣọ kan ní Kétu, lódìkejì bodè. Àlájì ni Bàbá ń pè é, òun náà sì ń pe Bàbá ní Tíṣà. Nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àlájì mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Faransé. Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ayò tí bàbá rẹ̀ jókòó ta pẹ̀lú ọ̀gá iléèwé lọ́jọ́ náà kò tíì parí títí di òní. Nígbà tí orúnkún àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tí ìrìn àjò di ìnira, orí fóònù ni wọ́n gbé ayò náà lọ. Bàbá a tẹ́ ọpọ́n tiwọn ní Ìjoun, Àlájì a tẹ́ tirẹ̀ ní Kétu. Bí Àlájì bá ní, "Ihò kẹta," Bàbá a kó ọmọ ayò inú ihò kẹta ti Àlájì lórí ọpọ́n tiwọn, wọn a pín in kiri, wọn a sì sọ ihò tí àwọn náà fẹ́ ta. Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyẹn fún ọdún mẹ́ta tí ojú kò kan ojú.

Lọ́dún yìí, awọ funfun kan bo ojú Àlájì. Dókítà ní Kútọnu ní kí ó wá lọ́jọ́ Ajé kí àwọn ṣí i kúrò. Àlájì wá sọ fún Bàbá pé òun kò fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ fún dókítà láìtíì parí ayò tó wà nílẹ̀. Sátidé, aago mẹ́rin, ni wọ́n fi àdéhùn sí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ gba fóònù tèmi, ẹ fi pè wọ́n."

"Nọ́ńbà dà?" ni Bàbá wí. Inú fóònù tó kú yẹn nìkan ni nọ́ńbà Àlájì wà. Màmá wá ìwé kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, a rí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀, a pè é, obìnrin kan sì bá wa sọ Faransé láti inú ẹ̀rọ. A kò gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ó hàn nínú ohùn rẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bí mo ṣe gbé àga lọ sábẹ́ máńgòrò nìyẹn. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi wáyà Bàbá sí ihò tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo sì ki ẹnu kejì bọ fóònù. Kò sí nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo tún un fi. Kò sí náà ni. Mo yẹ wáyà náà wò, mo rí i pé ibi mẹ́ta ni Bàbá ti fi òwú ìránṣọ dì í. Wáyà tèmi kò lè wọlé, ẹnu fóònù tuntun ni ẹnu tiẹ̀, fóònù Bàbá sì jẹ́ ti àtijọ́.

"Ẹ ò ṣe sọ pé wáyà yín ti já?"

"Kò já," ni Bàbá wí. "Mo ti dì í."

Màmá, tó ń yan gààrí lẹ́yìn wa, kò gbójú sókè nígbà tó ní kí n lọ bá ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, pé fóònù rẹ̀ àti ti Bàbá jọra. Ìyá aránṣọ yá mi ní wáyà rẹ̀, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá fi òwú dì í. Mo padà dé, mo fi í sí ihò ọ̀tún, kò sí nǹkan. Mo gbé e sí ihò tó wà lọ́wọ́ òsì, àwòrán bátìrì kékeré kan sì yọ lójú fóònù. Bàbá na ìka sí i. Bí wọ́n ṣe na ìka, ó lọ.

Mo mi wáyà, ó yọ. Mo fi í sílẹ̀, ó lọ. Mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀, ó dúró. Bàbá ní kí n máa gbé e bẹ́ẹ̀. Mo gbé e fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ọwọ́ ń ro mí, nígbà náà ni mo wá rántí pé àwọn ènìyàn ń ṣe nǹkan wọ̀nyí láìfọwọ́ gbé wáyà. Mo gbé fóònù náà sí oòrùn, mo sì yọjú wo inú ẹnu rẹ̀. Nǹkan funfun kan dí i pa.

"Bàbá, níbo lẹ máa ń fi fóònù yìí sí?"

"Àpò àyà. Níbo ni ènìyàn tún ń fi í sí?"

Àpò àyà ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe gààrí tó sì ń kù láfún. Mo pa fóònù náà pátápátá, mo já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó gbẹ, mo ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ sọ nù kí ó má baà gún nǹkan nínú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fà á jáde. Kò pẹ́ tí láfún tó ti dì mọ́ òwú fi ń jáde, ó gbẹ, ó le, ó tó ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì méjì. Màmá dìde wá wò ó. Ó gbé e sórí ìka, ó yí i wò, ó ní láfún ọdún tó kọjá ni, nítorí pé ti ọdún yìí kò funfun tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wáyà náà wọlé, ó ró kẹ́, ó sì dúró. Àwòrán bátìrì yọ, kò lọ mọ́. Ojú Bàbá wálẹ̀. Màmá ní kí a wá jẹun. Mo pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé nítorí àwọn adìyẹ tó ń rìn kiri lábẹ́ igi, mo sì bá wọn wọlé.

A jẹun fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo padà, fóònù ṣì wà bó ṣe wà, iná inú rẹ̀ kò ju ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwòrán bátìrì náà kò sí mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ìmọ̀ ìṣirò kò tó mi. Mo fi fóònù tèmi pe ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà níléèwé wa. Obìnrin tó jù mí lọ ni, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Mo ka ohun gbogbo tí mo ti ṣe fún un, láti orí òwú dé orí láfún.

"Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé o pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé?"

"Mo pa á dé. Adìyẹ ni."

"Bí o bá ti pa á dé, ó ti sùn nìyẹn. Èyí tó bá sì sùn, ọ̀pọ̀ wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní iná. Ṣí i, kí o lọ sínú ètò rẹ̀, kí o ní kó má máa sùn. Kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, kí òun náà má baà kú fún ẹ."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Iná wọlé. Mo béèrè nípa ihò ọ̀tún tó kọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní ó lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ ni, kí n fi í sílẹ̀, kí n máa lo èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ ìbéèrè kìíní mi, lórí ìdá àti ìpín. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ti tan fóònù, wọ́n ti gbé e sí orí ẹsẹ̀ pẹ̀lú wáyà rẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Mẹ́rin ni," ni wọ́n wí. Ó pẹ́ díẹ̀. "Mẹ́rin náà ni." Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yí padà. "Ó ti di mẹ́ta."

Mo rò pé wọ́n ṣì í wò ni. Mo gbà á, mo wò ó. Mẹ́ta ni lóòótọ́, àmì iná sì wà lórí rẹ̀ tó ń fi hàn pé ó ń gbà á. Fóònù tó ń gba iná tí iná rẹ̀ ń dín kù, n kò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lédè Faransé, tó ń kí Bàbá káàbọ̀ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì bodè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, òmíràn wọlé lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń kí wọn káàbọ̀ padà sílé. Abẹ́ máńgòrò ni Bàbá wà ní gbogbo ìgbà náà.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí mi," ni Bàbá wí. "N kì í dá wọn lóhùn mọ́."

Mo tún pe Ẹ̀gbọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín.

"Bodè lẹ wà, àbí? Fóònù yín ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kiri ni. Ó ń sá lọ Bẹ̀nẹ̀, ó ń sá bọ̀ ní Nàìjíríà, iná ló sì fi ń sá eré náà. Ihò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojú iná ara ògiri o. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kán síni lẹ́nu. Ohun tó ń wọlé kò tó ohun tí fóònù ń jẹ. Tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè kúrò, tàbí kí o kúkú pa á. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún wákàtí kan ó kéré tán."

Mo tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá rí i.

"Níbo ló ń lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, Bàbá. Ó fẹ́ sinmi ni." Mo rò ó wò, mo sì kúkú pa fóònù náà pátápátá, kí àlàyé má baà pọ̀.

Bàbá kò fara mọ́ ọn. Ìṣòro wọn ni pé bí fóònù bá wà ní pípa, àwọn kò ní mọ̀ bóyá Àlájì ń pè. Mo ní aago mẹ́rin kò tíì lù, aago kan kọjá díẹ̀ la wà. Wọ́n ní Àlájì lè yára. Mo ní bí ó bá yára tó sì bá fóònù tó ní iná mẹ́ta, ìkíni nìkan ni yóò rí sọ kó tó kú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó síwájú ọpọ́n ayò, wọ́n sì ń ka ọmọ inú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

N kò lè tẹ ìbéèrè kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ti ń rò ó pé bí mo bá ń lo kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ yóò tètè tán, Bàbá yóò sì pàdánù tiwọn. Mo ń lé adìyẹ, mo ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láti mọ̀ bóyá kò sùn, mo sì ń wo ẹ̀yìn Bàbá. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba gbogbo ìlú, ni ẹ̀yìn rẹ̀ rí kékeré báyìí. Wọ́n kò sọ fún mi pé ẹ̀rù ojú Àlájì ń ba àwọn. Màmá ló sọ ọ́ nígbà tó gbé àgbàdo sísun wá bá mi.

"Láti Ọjọ́bọ̀ ni kò ti sùn dáadáa," ni Màmá wí. "Ó ní bí dókítà bá ṣe é tí kò bá dáa ńkọ́. Mo ní ojú ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọn ò ní gé orí rẹ̀."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, mo tan fóònù. Ọgbọ̀n ó lé mẹ́ta. Bàbá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ti wọ bùbá. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ìpè méjìdínlógún ni Àlájì ti pè láti Ọjọ́bọ̀ tí kò wọlé.

Aago mẹ́rin lù, kò pè. Ó di mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò pè. Bàbá ní kí n bá àwọn pe nọ́ńbà náà. Mo pè é, ó dún, ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún un pè. Ó tún dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Bàbá jókòó. Mo ní kí wọ́n má dààmú, pé ó lè jẹ́ pé wọ́n ń kírun Asárì ni.

"Ìrun Asárì kì í pẹ́ tó báyìí," ni wọ́n wí. "Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Bó ṣe ń dún ní etí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ ìró fóònù mìíràn láti iwájú ilé. Ọ̀kadà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin arúgbó kan tó wọ jálàbíà funfun ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di èjìká ọlọ́kadà mú, èkejì sì wà nínú àpò, ó ń wá fóònù tó ń ké níbẹ̀.

"Tíṣà," ló ké láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé o wà láyé?"

Bàbá ti dìde. N kò tíì rí i kí wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún wọn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà, fóònù sì ń dún lọ láàárín wọn títí mo fi rántí láti tẹ̀ ẹ́ pa.

Ohun tó mú Àlájì wá rọrùn. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń pe Bàbá tí kò wọlé, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní òun rò ó pé bí Tíṣà bá ti kú, kí àwọn ọmọ tó ránṣẹ́ sí òun, òun yóò ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Kútọnu. Ó ní kí wọ́n gbé òun sórí ọ̀kadà. Ìyàwó rẹ̀ bínú sí i, ó ní kó má ṣe wàhálà. Àlájì fi Faransé dá a lóhùn pé, "Dákọ̀," ìyẹn ni pé òun ti gbọ́, ó sì gun ọ̀kadà náà lọ. Bàbá ń gbọ́, wọ́n ń mi orí.

"Tiransifọ́mà ló kú," ni Bàbá wí. "Èmi kọ́."

Wọ́n jókòó sídìí ayò. Àlájì kò gbé ọpọ́n tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, nítorí pé Àlájì kò fẹ́ kí Tíṣà rẹ́ òun jẹ. Ojú rẹ̀ kò lè rí fọ́tò náà dáadáa, èmi ni mo ń kà á fún wọn. Mo ní méje wà nínú ihò kejì. Bàbá ní irọ́ ni, márùn-ún ló wà nínú tiwọn. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú ihò karùn-ún. Bàbá ní mẹ́ta wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àlájì ní Tíṣà ti ń jí ọmọ ayò láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá ní ẹni tí kò ríran ni yóò sọ̀rọ̀ olè. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìṣirò niṣẹ́ mi, mo ka gbogbo rẹ̀ mọ́ èyí tí oníkálukú ti jẹ. Méjìdínláàádọ́ta ló yẹ kí ó jẹ́. Ti Àlájì jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ti Bàbá jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti ìdí agbada gààrí rẹ̀. Ó ní òun rántí pé nígbà tí òun ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun rí ọmọ ayò kan nílẹ̀, òun sì dá a padà sínú ihò tó sún mọ́ òun jù. Bàbá yíjú wò ó. Àlájì ti ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ń fi etí jálàbíà nu ojú tó ń dùn ún.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlájì kò wo ọpọ́n rárá, ìka ló fi ń ka ọmọ inú ihò. Ó pa Bàbá lẹ́ẹ̀mejì kí ọlọ́kadà tó ní oòrùn ti ń lọ, pé òun kò fẹ́ gba ọ̀nà bodè nínú òkùnkùn. Kó tó lọ, Bàbá ní kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé Màmá, kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Mo kọ ọ́. Mo dá wáyà padà fún ìyá aránṣọ, mo sì fi bírò kọ ìyókù ìbéèrè mi sínú ìwé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn, nítorí kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tẹ̀ ẹ́ níléèwé, ọ̀gá wa sì bá mi wí pé mo pẹ́.

Dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu, ó sì dáa. Mo wà ní Ìjoun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Àlájì pè, iná ti dé, wáyà tuntun tí mo rà wà lára ògiri. Ó fẹ́ kí àwọn jọ rí ara wọn lójú fóònù lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo sì bá Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ojú Àlájì yọ, ó wọ jígí dúdú, ó sì bọ́ ọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó wo Bàbá fínnífínní.

"Tíṣà," ló wá wí, "ìgbà wo ni gbogbo orí rẹ di funfun báyìí?"

Bàbá fi ọwọ́ pa irun wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́, pé Àlájì ni kò rí i. Wọ́n wá ní kó gbé ọpọ́n rẹ̀ sún mọ́ ojú fóònù dáadáa, kí àwọn lè bá a ka ọmọ inú rẹ̀.